Omi bọ́hóòlù tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ l'Ábújá: ibo ló yẹ ká so sọ́fúnà mọ́?

Onílé_Lokogoma kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Omi bọ́hóòlù ni ìbéèrè yìí dá lé. Mo ti to gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ síbí kí ẹ má baà máa bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú ilé. Pọ́ńpù 1 HP tó wà nínú ilẹ̀ ń ti omi lọ sínú tánkì 2,000 lítà lórí òpó irin. Ìdí tánkì fi mítà 6 ga ju ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ inú ilé, kò sí pọ́ńpù kejì. Èsì lábù: líle omi 280 mg/L, irin 0.8 mg/L, pH (bí omi ṣe kan tó) 7.1, TDS (àpapọ̀ gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi) 430 mg/L. Èèpá funfun ti bo ẹnu ṣáwà, waya híta ń jó léraléra, ìlà pupa sì wà nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹnìkan ní òun máa gbé sílíńdà méjì wá, ọ̀kan iyanrìn, ọ̀kan èédú, pé omi á rọ̀. Ẹlòmíràn ní sọ́fúnà oníyọ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ omi líle di rírọ̀, ni ká rà, ká so ó mọ́ páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti tánkì. Èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì?

Aṣàyẹ̀wò_Omi kọ:

Ẹ ṣeun tí ẹ wọn omi kí ẹ tó béèrè.

280 le gan-an. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò nìyí: láti òdo dé 60 mg/L, omi rọ̀, 61 sí 120, ó wà láàárín, 121 sí 180, ó le, ohun tó bá ti kọjá 180, ó le gidigidi. Òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, fi ààlà sí 150. Kì í ṣe pé omi líle ń ṣe ènìyàn ní jàm̀bá o. Kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ara ń lo méjèèjì, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi ààlà ìlera kankan sí i. Ọṣẹ, aṣọ, páìpù àti híta ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ti sílíńdà iyanrìn àti èédú, ẹ má sanwó rẹ̀ nítorí líle omi. Iyanrìn ń gba ìdọ̀tí tójú rí. Èédú ń gba òórùn àti klóríìnì. Kálísíọ́ọ̀mù ti yọ́ mọ́ omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ mọ́ ọbẹ̀, kò sí iyanrìn tó lè sẹ́ ẹ. Álọ́ọ̀mù náà kò ràn án, ẹrẹ̀ ló ń kó sísàlẹ̀.

Irin 0.8 yẹn ló ń pa àwo ìgbọ̀nsẹ̀ láró. Ààlà rẹ̀ nínú òṣùwọ̀n kan náà jẹ́ 0.3. Ẹ bi lábù bóyá wọ́n fi ásíìdì sínú ìgò omi tí wọ́n fẹ́ wọn irin inú rẹ̀, ní ìdí bọ́hóòlù gan-an. Bí omi bá jókòó sínú ìgò lásán fún ọjọ́ kan kó tó dé lábù, irin á ti gan sára ìgò, nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ fún yín á sì kéré ju òótọ́ lọ.

Ẹni tí kò tíì lọ sí lábù lè fi ọṣẹ dúdú dán omi wò nílé. Ẹ yọ́ ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú omi òjò títí omi náà yóò fi ki. Ẹ bu omi bọ́hóòlù 250 mL sínú ìgò funfun, ẹ máa da omi ọṣẹ yẹn sí i ní ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mì í, títí ìfófó á fi dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún fi omi òjò ṣe bákan náà. Bí ṣíbí kan bá tó fún omi òjò tí bọ́hóòlù gba mẹ́fà, ẹ ti mọ irú omi tí ẹ ní. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ṣe é, ìyẹn máa ń hó nínú omi líle náà, yóò sì tan yín jẹ.

Ará_Sókótó kọ:

Kí ẹnikẹ́ni má fi omi aládùúgbò wọn tirẹ̀ o. Orí àpáta àtijọ́ ni Ábújá jókòó lé, gíráníìtì àti irú rẹ̀. Inú ẹ̀là àpáta ni omi ń gbé, ẹ̀là tí bọ́hóòlù yín bá kò kò sì dà bí ti ilé kejì. Ẹ lè rí 90 ní ilé kan kí ẹ rí 300 ní ojúlé kẹta sí i.

Níbi tí òkúta ẹfun bá ti pọ̀, ọ̀rọ̀ náà dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ: Kalambaina ní Sókótó, Ashaka ní Gombe, Yandev lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gboko. Ẹ wò ó, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta símẹ́ǹtì nìyẹn. Omi òjò ń kó gáàsì káríbọ́ọ̀nù nínú ilẹ̀, ó ń di ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Tí a bá wá sè é, gáàsì yẹn jáde, òkúta tún padà di òkúta sára ìdí kẹ́tùlù. Omi ìjọba l'Ábújá kì í sábà le bẹ́ẹ̀, torí omi orí ilẹ̀ láti Lower Usuma Dam ni.

Pulọ́ńbà_Kubwa kọ:

Ẹ̀gbọ́n Onílé, ẹni tó ní ẹ ra sọ́fúnà oníyọ̀ sọ òótọ́. Ẹni tó ní ẹ so ó mọ́ páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti tánkì kò ṣírò. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kú sí n'Ábújá, wọ́n á ní ẹ̀rọ ò dáa.

Mítà kan gíga omi ń fún wa ní 0.1 bárì (bárì ni a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀, agbára tí omi fi ń tì). Mítà 6 jẹ́ 0.6 bárì nígbà tí kò sí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi. Orí sọ́fúnà, ìyẹn fáálù ńlá tó ń darí omi, ń fẹ́ bíi 1.4 sí 1.7 bárì kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìdí ni pé kò ní pọ́ńpù kankan tó fi ń fa omi iyọ̀. Ihò tíńtín kan tó ń jẹ́ íńjẹ́kítọ̀ ni omi ń sáré gbà kọjá, eré yẹn ló ń fa omi iyọ̀ láti inú garawa rẹ̀. Bí omi ò bá ní agbára, eré ò sí, iyọ̀ ò gòkè, rẹ́sìn, ìyẹn hóró kéékèèké inú sílíńdà tó ń gba kálísíọ́ọ̀mù, ò fọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ omi á rọ̀ torí rẹ́sìn tuntun ni, lẹ́yìn náà á padà di bó ṣe wà. Ẹ ó rí i pé iyọ̀ inú garawa kò dín rárá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí omi ṣe ń kọjá láàárín rẹ́sìn ń jẹ prẹ́ṣọ̀. Nígbà tí ṣáwà méjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó lè tó bárì kan lódindi tó máa bá a lọ. Ẹ̀yin ní 0.6. Ṣáwà òkè á kàn máa kán tó-tó-tó ni.

Ọ̀nà méjì ló kù. Ọ̀kan ni kí ẹ so ó mọ́ páìpù láàárín bọ́hóòlù àti tánkì. Èkejì ni kí ẹ fi pọ́ńpù kékeré kún un lẹ́yìn tánkì, kí sọ́fúnà tẹ̀lé pọ́ńpù yẹn. Èkejì ni mo fara mọ́.

Rẹ́sìn_àti_Iyọ̀ kọ:

Mo fẹ́ kí a yẹ ti àkọ́kọ́ yẹn wò dáadáa, torí ó wu ọ̀pọ̀ ènìyàn: pọ́ńpù bọ́hóòlù lágbára, kò sí owó pọ́ńpù míràn. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló wà ńbẹ̀.

Èkíní, pọ́ńpù 1 HP lè máa ti 40 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn 2,400 lítà ní wákàtí. Rẹ́sìn kò fẹ́ kí omi tó kọjá lára rẹ̀ ní wákàtí kan ju bíi ìlọ́po 40 ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Rẹ́sìn lítà 25 á fara da 1,000 lítà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi á sáré kọjá kí rẹ́sìn tó pààrọ̀ kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ fún sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀. Rẹ́sìn lítà 60 ló tó fún pọ́ńpù yẹn.

Èkejì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: pọ́ńpù lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹnu páìpù bá ṣí gbayawu lókè tánkì, prẹ́ṣọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò ju gíga tánkì lọ púpọ̀. 0.6 tàbí 0.8 náà la tún padà sí. Láti gbé e sókè, ẹ gbọ́dọ̀ fi fáálù kan sí ẹ̀yìn sọ́fúnà, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fọ rẹ́sìn, títí géèjì á fi wà láàárín 2 àti 3 bárì. Ẹ má tì í pa pátápátá o. Pọ́ńpù inú ilẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde lè gbé prẹ́ṣọ̀ kọjá 8 bárì. Púpọ̀ nínú orí sọ́fúnà kò ju 8.6 bárì lọ. Yóò fọ́ níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ fi fáálù tó ń tú prẹ́ṣọ̀ dànù ní 6 bárì sí i.

Ẹ̀kẹta, orí ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ máa ń jí ní aago méjì òru láti fọ rẹ́sìn. Ta ló ń tan pọ́ńpù bọ́hóòlù ní aago méjì òru? Fún irú ètò yìí, orí tí a ń fọwọ́ yí ló dáa. Ẹni tó bá ń tan pọ́ńpù ló máa dúró tì í.

Onílé_Lokogoma kọ:

Ó ti yé mi. Kò sẹ́ni tó máa dúró ti fáálù nílé yìí. Bí a bá gba ọ̀nà pọ́ńpù kékeré, báwo ni tító rẹ̀ ṣe máa rí, tí irin náà wà níbẹ̀? Ìyá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà nínú ilé, iyọ̀ yìí ń dẹ́rù bà mí.

Pulọ́ńbà_Kubwa kọ:

Bí yóò ṣe tò nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bọ́hóòlù sí tánkì: ẹ má jẹ́ kí páìpù ri sínú omi tánkì. Ẹ fi ọmú ṣáwà sí ẹnu rẹ̀, kí omi máa fọ́n sínú afẹ́fẹ́ kó tó bọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń sọ irin tó yọ́ di ìdọ̀tí pupa tó ṣeé sẹ́. pH yín ju 7 lọ, nítorí náà wákàtí díẹ̀ nínú tánkì tó fún un. Bí pH bá jẹ́ 6 ni, kò ní tètè ṣẹlẹ̀. Ibi tí omi ti ń jáde lára tánkì gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ga ju ìdí tánkì lọ, kí ẹrẹ̀ pupa jókòó sísàlẹ̀, kí ẹ sì ní fáálù ìdí tánkì tí ẹ ó máa ṣí lóṣooṣù láti dà á nù.

Láti tánkì: pọ́ńpù 0.5 HP tó ní ẹ̀rọ prẹ́ṣọ̀ tirẹ̀, kó máa tan ní 1.8 bárì, kó máa kú ní 2.8. Tánkì prẹ́ṣọ̀ kékeré 24 lítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí pọ́ńpù má baà máa tan-kú, tan-kú. Lẹ́yìn èyí ni asẹ́ tó ń gba irin, iyanrìn tàbí èròjà tó ní mangáníìsì lára, tí ẹ ó máa fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sọ́fúnà. Ẹ má yí ètò yìí padà: bí sọ́fúnà bá ṣáájú asẹ́ irin, irin á lẹ̀ mọ́ rẹ́sìn, iyọ̀ lásán kò sì ní bọ́ ọ kúrò.

Báípáàsì oní-fáálù mẹ́ta, ìyẹn ọ̀nà tí omi lè gbà yà fún sọ́fúnà, kò ṣeé yọ sílẹ̀. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín. Ẹ tún so páìpù kan láti tánkì lọ tààrà sínú ilé, kí fáálù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá lọ, omi á ṣì máa dé ilé fúnra rẹ̀. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi wà. Irú fáálù bẹ́ẹ̀ tún gbọ́dọ̀ wà láàárín sọ́fúnà àti híta, torí omi gbígbóná tó bá padà sẹ́yìn á ba orí ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹ ya páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ àti ti ọgbà sọ́tọ̀ kó tó dé sọ́fúnà. Kí la fẹ́ fi iyọ̀ fọ omi ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe? Ewébẹ̀ pẹ̀lú kò fẹ́ sódíọ̀mù.

Oníná_Gwarinpa kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iná kún un, torí ibẹ̀ ni omi ń ṣòfò.

Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ wà láàárín fífọ rẹ́sìn, mọ́tò rẹ̀ á dúró síbi tó dé. Bí ó bá dúró níbi tí omi ti ń lọ sí páìpù ìdànù, omi tánkì á máa ṣàn lọ sínú gọ́tà fúnra rẹ̀. Ká ní lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, 2,000 lítà á tán láàárín wákàtí méje. Ẹ ó jí láàárọ̀, tánkì á gbẹ. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: ẹ fi fáálù oníná, irú èyí tó máa ń tì fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ, sẹ́nu páìpù ìdànù. Kó máa gba iná láti ibi kan náà tí orí sọ́fúnà ti ń gbà á.

Orí sọ́fúnà kì í jẹ iná, wáàtì díẹ̀ ni. Pọ́ńpù ló ń jẹ iná. Ẹ so méjèèjì mọ́ ínfátà kan náà. Bí ẹ bá fi orí ẹ̀rọ sí ínfátà tí ẹ fi pọ́ńpù sí NEPA, ẹ̀rọ á máa rò pé òun ń fọ rẹ́sìn nígbà tí omi kò ní agbára, á parí ètò rẹ̀, á sì jókòó. Ẹ tún yí aago rẹ̀ kúrò ní aago méjì òru. Fún ilé tó ní sólà, aago kan ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù: oòrùn ń ràn, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀.

Rẹ́sìn_àti_Iyọ̀ kọ:

Ìṣirò tító ẹ̀rọ rèé. Ènìyàn 5, lítà 120 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ó di 600 lítà. 600 lọ́nà 280 mg jẹ́ gíráàmù 168 líle tí rẹ́sìn máa gbé lóòjọ́. (Bí ẹ bá kọ̀ láti yọ irin ṣáájú, ẹ fi nǹkan bíi 70 mg/L kún líle omi fún mg/L irin kọ̀ọ̀kan.)

Lítà rẹ́sìn kan ń gbé bíi gíráàmù 50 tí a bá fi gíráàmù 120 iyọ̀ fọ̀ ọ́. Rẹ́sìn lítà 25 á gbé 1,250. Ẹ pín in sí 168, ó lé ní ọjọ́ méje. Ẹ yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ọjọ́ tí àlejò bá wá, ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Iyọ̀ kílò 3 nígbà kọ̀ọ̀kan, kílò 15 lóṣù.

Àwọn kan máa ń fi kílò 6 fọ rẹ́sìn yìí kan náà, wọ́n ní kó lè mọ́ dáadáa. Iyọ̀ ìlọ́po méjì kò fún un ní agbára ìlọ́po méjì. Gíráàmù 240 fún lítà kan máa gbé agbára rẹ̀ dé bíi 68 péré. Ìyókù ti wọ gọ́tà lọ.

Lítà omi kan ń yọ́ iyọ̀ bíi gíráàmù 360. Kílò 3 nílò lítà 8.3 omi nínú garawa iyọ̀. Ẹ wo iye lítà tí orí ẹ̀rọ yín ń dá padà ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 1.9, ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ ni kí ẹ fi sí i.

Àsìkò ìyókù: omi gba ìsàlẹ̀ wá sókè láti tú rẹ́sìn ká, ìṣẹ́jú 10; fífa omi iyọ̀ àti fífi omi ṣàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, 60; fífi omi púpọ̀ ṣàn án kíákíá, 10; dídá omi padà sí garawa iyọ̀. Fún sílíńdà ínǹṣì 10, omi tó ń tú rẹ́sìn ká gbọ́dọ̀ tó lítà 10 ní ìṣẹ́jú. Omi wa níhìn-ín gbóná ju ti ìlú òyìnbó lọ, ó fẹ́lẹ́ jù, kì í gbé rẹ́sìn sókè tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má lọ sísàlẹ̀ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ.

Ti ìyá àgbà: líle omi mg kan tó kúrò ń fi sódíọ̀mù 0.46 mg sílẹ̀. 280 á fi bíi 129 mg sínú lítà kan. Ààlà NIS 554 jẹ́ 200, kò kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n lítà méjì lóòjọ́ ti tó 258 mg, ẹni tí dókítà sọ fún pé kó dín iyọ̀ kù gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn. Ẹ fi páìpù kan sílẹ̀ ní kíṣìnnì tó gba asẹ́ irin nìkan, tí kò gba sọ́fúnà. Òun ni kí gbogbo ilé máa mu, òun ni kí ẹ máa fi ro oúnjẹ ọmọ ọwọ́.

Sọ́fúnà kì í pa kòkòrò o. Kì í yọ fúlóráìdì náà, ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Kaltungo ní Gombe, níbi tí fúlóráìdì ti ń ba eyín ọmọ jẹ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín nítorí ìyẹn.

Alágbàfọ̀_Karu kọ:

Fún ẹni tí kò tíì lówó ẹ̀rọ, sódà ìfọṣọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú garawa. Garawa lítà 20 omi tó le tó 280 nílò bíi gíráàmù 6 sódà gbígbẹ, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tó kún dáadáa. Ẹ dà á sínú omi ṣáájú ọṣẹ, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi á ṣú bíi ti ẹ̀kọ tó ṣàn, ìdọ̀tí funfun á rọlẹ̀. Bí ọṣẹ bá ti ṣáájú, kálísíọ́ọ̀mù á ti gbé ọṣẹ jẹ, á di ẹ̀gbọ̀n funfun tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Òun ló ń sọ aṣọ funfun di eérú.

Iṣẹ́ kan náà ni káún tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya ń ṣe nínú ẹ̀wà. Kálísíọ́ọ̀mù inú omi líle ń di èèpo ẹ̀wà mú, kì í jẹ́ kó rọ̀. Káún ń lé e sọ́tọ̀. Bí ẹ̀wà bá ń pẹ́ lórí iná l'Ábújá ju ti ilé lọ, ẹ wo omi kí ẹ tó bá ẹni tó tà á jà. Omi òjò tí ẹ gbè láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ ti fọ òrùlé, dára fún méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń ba aṣọ jẹ́ lójoojúmọ́: ẹ má da bílíìṣì sínú omi onírin. Klóríìnì á sọ irin di ìpẹtà lójú ẹsẹ̀, á sì wọ inú òwú lọ. Àbàwọ́n yẹn kì í fẹ́ jáde mọ́. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì sítíríkì ló ń yọ ọ́. Ẹ má sì da ásíìdì yìí pọ̀ mọ́ bílíìṣì, gáàsì tó ń jáde ńbẹ̀ léwu fún èémí.

Olùkà_Nyanya kọ:

Ẹ̀rọ olóòfà tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù ńkọ́? Kò gba iyọ̀, kò gba pọ́ńpù. Wọ́n tún fi mítà TDS fi hàn pé sọ́fúnà oníyọ̀ kò ṣiṣẹ́: 430 ni kó tó wọlé, 430 náà ló jáde.

Aṣàyẹ̀wò_Omi kọ:

Mítà TDS kò mọ kálísíọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí sódíọ̀mù. Àpapọ̀ gbogbo ohun tó yọ́ ló ń kà. Sọ́fúnà ń fi ọ̀kan pààrọ̀ ìkejì ni, nítorí náà bí TDS bá wà bó ṣe wà, kò sí ohun tó burú. Kíìtì oní-ẹ̀kán ni kí ẹ rà: ẹ ó máa kán an sínú omi títí àwọ̀ á fi yí láti pupa sí búlúù. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, ẹ̀kán kan jẹ́ 17 mg/L tàbí 18. Omi yín á gba ẹ̀kán 16 tàbí 17 ṣáájú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ̀kán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yí i.

Olóòfà ò yọ kálísíọ́ọ̀mù kankan kúrò nínú omi. Ẹ kán ẹ̀kán yẹn sí omi tó kọjá lára rẹ̀, iye kan náà ni ẹ ó rí. Mi ò ní ná owó ẹnikẹ́ni lé e.

Pulọ́ńbà_Kubwa kọ:

Àwọn àìsàn tó máa ń ṣe ẹ̀rọ yìí, kí ẹ mọ̀ wọ́n kí ẹ má baà pe ènìyàn fún gbogbo rẹ̀.

Iyọ̀ kò dín, omi sì le: iyọ̀ ti gan di afárá lókè, ihò ṣófo wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi igi ọwọ̀ gún un pẹ̀lẹ́. Iyọ̀ jíjẹ tó lẹ̀ bí ìyẹ̀fun ló ń fa èyí jù, ẹ ra iyọ̀ oníhóró. Ẹ yọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ̀ sínú omi nínú kọ́ọ̀bù kí ẹ tó ra àpò: bí iyanrìn bá kù nísàlẹ̀, ihò íńjẹ́kítọ̀ ni iyanrìn yẹn ń lọ.

Garawa iyọ̀ kún fún omi tí kò lọ: prẹ́ṣọ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí íńjẹ́kítọ̀ ti dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí páìpù omi iyọ̀ ti so, tàbí páìpù ìdànù ti ká. Ẹ yẹ páìpù ìdànù wò ṣáájú. Òun ló rọrùn jù, òun ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Omi dùn níyọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ fọ̀: àsìkò fífi omi ṣàn án kúrú, tàbí omi tó padà sí garawa ti pọ̀ jù.

Hóró pupa-rúsúrúsú bí ẹyin ẹja ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi: asẹ́ ìsàlẹ̀ sílíńdà ti fọ́, rẹ́sìn ló ń sá jáde. Ẹ ti fáálù iwájú àti ti ẹ̀yìn lára báípáàsì, ẹ ṣí ti àárín, lójú ẹsẹ̀ kó tó wọ híta.

Páìpù ìdànù kò gbọ́dọ̀ kan omi gọ́tà. Ẹ fi àlàfo ínǹṣì méjì sílẹ̀, kí gọ́tà má baà fa padà sínú omi yín. Ẹ má sì darí rẹ̀ sí ìdí mángòrò tàbí ewédú, omi iyọ̀ ni.

Onílé_Lokogoma kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku méjì: èèpá tó ti wà nínú híta àti páìpù tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Àti pé níbo àti nígbà wo ni kí n máa wọn omi?

Rẹ́sìn_àti_Iyọ̀ kọ:

Híta: ẹ pa iná rẹ̀ ní ilé fíúùsì, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ tú waya jáde. Ẹ rẹ waya náà sínú omi tó ní ásíìdì sítíríkì gíráàmù 50 sí 100 nínú lítà kan, títí kò fi ní hó mọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ fọwọ́ kó èyí tó ti ya lulẹ̀ nínú ìdí híta. Ẹ yẹ ọ̀pá magnẹ́síọ́ọ̀mù inú rẹ̀ wò nígbà kan náà, ẹ máa yẹ ẹ́ wò lọ́dọọdún, torí omi rírọ̀ máa ń jẹ ẹ́ yára. Ẹ fi ìgbóná híta sí 60 dípò 75, èèpá á dín púpọ̀.

Páìpù: sọ́fúnà kì í bọ́ èèpá àtijọ́ lọ́jọ́ kan. Fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ á máa ya, á máa dí ọmú ṣáwà àti asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ máa tú wọn fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ibi ìwọ̀n: ẹ ní kí pulọ́ńbà fi ẹnu ẹ̀rọ kékeré méjì sí i, ọ̀kan ṣáájú sọ́fúnà, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, kí báípáàsì tó pàdé. Ẹ má wọn ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ọjọ́ yẹn gbogbo sọ́fúnà ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kẹfà, lálẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti wẹ̀ tán, ni kí ẹ kán ẹ̀kán. Bó bá gbà ju mẹ́ta lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ márùn-ún.